Ìyẹ̀fun, Oyin àti Ìwé: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin tí Ń Bá Ọmọdé Ṣe Ọdún Àwọn Júù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olùkọ́, ẹ̀yin olùtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́, àti ẹ̀yin abiyamọ tí Elédùmarè fi sínú ilé àwọn Júù, ìbáà ṣe nípa iṣẹ́ tàbí nípa ìgbéyàwó, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí èmi tí mo ti pẹ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi kan ní ìhà àríwá Lọ́ńdọ̀n, tí mo ti bá àwọn ọmọ Júù ọlọ́dún mẹ́ta, mẹ́rin àti márùn-ún po ìyẹ̀fun, tí mo sì ti ka ìwé fún wọn títí ohùn mi fi há, fi jókòó láti sọ ohun tí mo mọ̀ fún yín, kí ẹ má bàa tún máa wá ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ àwọn aṣáájú ti là sílẹ̀.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ó wà lọ́kàn yín ṣáájú ohun gbogbo. Bí búrẹ́dì yóò ti wú kọ́ ni olórí iṣẹ́ wa, bí ọmọ yóò sì ti jókòó jẹ́ẹ́ títí ìwé yóò fi parí kọ́. Iṣẹ́ wa ni pé kí ọmọ náà, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìyẹ̀fun, fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè ìdí tí a fi ń ṣe ohun tí a ń ṣe. Bí ẹ bá ṣí Ìwé Ẹ́ksódù sí orí 12, ẹ ó rí i pé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kò tíì gbé ẹsẹ̀ kúrò ní Íjíbítì nígbà tí Mósè ti ń kọ́ wọn ní èsì tí wọn yóò fún àwọn ọmọ wọn, lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ náà bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ ìsìn Àjọ Ìrékọjá. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ tó: àjọ náà kò tíì fìdí múlẹ̀, a ti fi àyè sílẹ̀ fún ìbéèrè ọmọdé nínú rẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà ni àwa Yorùbá ń wí; àwọn Júù fi òye kan náà ṣe òpó tí gbogbo àjọ̀dún wọn rọ̀ mọ́. Nítorí náà, oúnjẹ ni kí ẹ fi mú ọmọ béèrè, ìwé ni kí ẹ fi bá a wá ìdáhùn, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ìdáhùn ó ṣáájú ìbéèrè.

Ẹ má ṣe rò pé àwa ìgbà yìí ni a kọ́kọ́ so àkàrà pọ̀ mọ́ ìwé. Ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, ní ìlú Worms tí ó wà létí odò Rhine ní ilẹ̀ Jámánì, rábì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Eleazar, ẹni tí ó kọ ìwé tí a mọ̀ sí Sefer ha-Rokeach. Nínú ìwé náà ni ó ti ṣe àpèjúwe bí àwọn ará àtijọ́ ti í mú ọmọdé wọ ilé ẹ̀kọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Àjọ Ọ̀sẹ̀, ọjọ́ ìrántí gbígba Òfin lórí òkè Sínáì. Wọn a fi aṣọ bo ọmọ náà láti ilé títí dé ọ̀dọ̀ olùkọ́, kí ojú rẹ̀ má bàa bọ́ sára ohun àìmọ́ kankan lójú ọ̀nà. Wọn a gbé wàláà tí a kọ lẹ́tà èdè Hébérù sí síwájú rẹ̀. Olùkọ́ a pe lẹ́tà, ọmọ a sì pè é tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n bá pè é tán, wọn a fi oyin díẹ̀ ra wàláà náà, ọmọ a sì fi ahọ́n lá oyin kúrò lára àwọn lẹ́tà. Lẹ́yìn èyí ni wọn a gbé àkàrà oyin wá, èyí tí a kọ ọ̀rọ̀ wòlíì Àìsáyà sí lára, àti ẹyin bíbọ̀ tí a kọ ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́ sí èèpo rẹ̀. Olùkọ́ a kà á, ọmọ a tún un kà, wọn a sì gbé e fún un kí ó jẹ ẹ́.

Ọkùnrin tí ó kọ ọ̀rọ̀ dídùn yìí sílẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ayé rọ̀ fún. Ní ọdún 1196, àwọn apànìyàn wọ ilé rẹ̀, wọ́n pa Dolce aya rẹ̀, wọ́n pa Bellette ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 13, wọ́n sì pa Hannah tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 6 péré. Ó kọ orin arò fún wọn. Nínú rẹ̀ ni a ti gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ Dolce tí ń bọ́ agbo ilé àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkọ rẹ̀, àti bí àwọn ọmọ náà ti mọ àdúrà àti orin. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ohun tí ẹ gbé lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá gbé abọ́ oyin síwájú ọmọ Júù. Ẹ kò gbé eré lásán; ohun tí àwọn ènìyàn kan kò jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ wọn nínú ẹkún àti nínú ẹ̀rín ni ẹ gbé, ó sì yẹ kí ẹ fi ọ̀wọ̀ gbé e.

Ọ̀wọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé ìdáná. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, àlejò sì lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ìyẹ̀fun, ẹ béèrè bí ilé náà ti ń pa òfin oúnjẹ mọ́ sí, nítorí pé ilé Júù kan kò rí bí èkejì. Níbi tí wọ́n bá ti ń pa á mọ́ dáadáa, ẹran àti wàrà kì í jọ wà nínú ìkòkò kan, wọn kì í sì í jọ wà lórí tábìlì kan. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń fi òróró po búrẹ́dì ọjọ́ ìsinmi àwọn Júù, tí a kì í fi bọ́tà tàbí mílíìkì pò ó, nítorí pé ẹran ni ó sábà máa ń wà lórí tábìlì ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹyin pàápàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń fọ́ ọ sínú ife díńgí tí ń fi inú hàn, kí a lè wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà níbẹ̀, a ó da ẹyin náà nù. Ọmọdé ni kí ẹ fi ṣe aṣọ́nà ẹyin, nítorí ojú wọn mú, iṣẹ́ náà sì máa ń gbé wọn níyì lójú ara wọn. Bí ó bá sì jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni, ẹ má ṣe gbé àkàrà tí ẹ ti yan nílé wá láìgba àṣẹ, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Júù ni kì í gba oúnjẹ tí wọn kò mọ ibi tí a ti sè é.

Ohun mìíràn wà tí ó yẹ kí n bá ẹ̀yin ọmọ Yorùbá sọ ní gbangba. Láti ọdún 1884 ni odidi Bíbélì ti wà ní èdè wa, nípa iṣẹ́ Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà púpọ̀ nínú yín ti mọ Mósè, Ẹ́sítérì àti Jónà láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ìmọ̀ náà yóò sì ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ìtàn náà bí àwọn tí ó ni ín ti ń sọ ọ́, ẹ má ṣe fi ìtumọ̀ ìjọ yín lé e lórí. Ọmọ tí a fi sí yín lọ́wọ́, ìgbàgbọ́ àwọn baba rẹ̀ ni a fi sí yín lọ́wọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Ó kan ọjọ́ Ẹtì wàyí, èyí tí mo kà sí ọba gbogbo ọjọ́ yíyan, nítorí pé ọdọọdún ni àwọn àjọ tí ó kù ń dé, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kò ní í kọjá kí tirẹ̀ má padà wá. Láti ìwọ̀ oòrùn ọjọ́ Ẹtì títí ìràwọ̀ mẹ́ta yóò fi yọ ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, a kì í yan àkàrà, nítorí ó jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ 39 tí òfin wọn kà léèwọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi. Láti ìgbà tí oòrùn yóò wọ̀ ni kí ẹ ti máa ka wákàtí padà sẹ́yìn: ní Lọ́ńdọ̀n ní oṣù Kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ọ̀sán tó lù, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà ó ń kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́. Olùkọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago kan ọ̀sán ní ìgbà òtútù yóò máa fi ìbínú lé ọmọ kiri, ìbínú kò sì yẹ búrẹ́dì ìsinmi.

Fún ọmọ mẹ́fà tàbí méje, ẹ bu ìyẹ̀fun àlìkámà kílò 1, ṣúgà gíráàmù 100, ìwúkàrà gbígbẹ gíráàmù 14, iyọ̀ ṣíbí ìjẹun kan tí kò kún, ẹyin 3, òróró mìlílítà 120 àti omi tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ mìlílítà 400. Ọmọ ọdún méjì lè da ohun tí ẹ ti wọ̀n sílẹ̀ sínú abọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè rò ó. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè fi àtẹ́lẹwọ́ yí i di gbọọrọ. Ọmọ ọdún márùn-ún lè dì í ní ìdì mẹ́ta bí ẹ bá fi sùúrù kọ́ ọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ẹ̀yin ni ẹ ni iná, ẹ̀yin ni ẹ ni ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun jẹ́ tiwọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n tọ́ ọ wò ní tútù, nítorí ìyẹ̀fun tútù àti ẹyin tútù lè dá inú rú. Ẹ sì gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀pọ̀ olùkọ́ rere tí ó kọsẹ̀: bí búrẹ́dì ọmọ bá wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá gba ìyẹ̀fun lọ́wọ́ ọmọ láti bá a tún un dì, nítorí kí òbí lè rí ohun tí ó gún régé nígbà tí wọ́n bá wá mú ọmọ lọ, ti sọ fún ọmọ náà láìla ẹnu pé ọwọ́ rẹ̀ kò yẹ fún àjọ àwọn baba rẹ̀. Búrẹ́dì wíwọ́ tí ọmọ gbé lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀ ni búrẹ́dì tí ó dára jù lọ.

Ìyẹ̀fun tí a ti pò yóò sinmi fún wákàtí kan tàbí kí ó lé díẹ̀ kí ó tó wú. Wákàtí yìí ni wákàtí ìwé, kò sì sí ohun tí ó dùn mí tó bí mo bá rí i tí a fi í fún tẹlifíṣọ̀n. Ẹ bo abọ́ náà, ẹ kó àwọn ọmọ jọ sórí ẹní, kí ẹ sì dúró díẹ̀ kí ẹ tó ṣí ìwé. Bí àwọn ọmọ bá ti bá yín yan àkàrà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀kan nínú wọn yóò béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ búrẹ́dì méjì ni à ń gbé sórí tábìlì lábẹ́ aṣọ funfun. Nígbà náà ni kí ẹ sọ ìtàn mánà, bí ó ti ń rọ̀ nínú aṣálẹ̀, àti bí ó ti jẹ́ pé ní ọjọ́ kẹfà ìlọ́po méjì ni wọ́n ń kó, kí ẹnikẹ́ni má bàa jáde lọ wá oúnjẹ ní ọjọ́ ìsinmi. Òmíràn yóò béèrè ìdí tí ẹ fi já ìyẹ̀fun díẹ̀ tí ẹ sì sọ ọ́ sínú iná. Èyí sì wà nínú Ìwé Númérì orí 15, nípa ìpín tí a ń yà sọ́tọ̀ fún àlùfáà nígbà tí Tẹ́ḿpìlì wà, èyí tí a ń sun nísinsìnyí nítorí pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́. Bí ìyẹ̀fun bá kéré, a kì í súre lé ìpín náà. Ìwọ̀n tí ó yẹ fún ìsúre, rábì ilé náà ni kí ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé tí mo fẹ́ràn jù fún wákàtí yìí ni Bagels from Benny, tí Aubrey Davis kọ ní ọdún 2003, èyí tí ó jáde láti inú ìtàn àtijọ́ kan. Ọmọkùnrin kan fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí búrẹ́dì baba ńlá rẹ̀, ó sì ń gbé e lọ sínú àpótí mímọ́ ní sínágọ́gù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ó bá padà dé, kò ní í bá a níbẹ̀ mọ́, ó sì gbà pé Ọlọ́run ni ó ń jẹ ẹ́, títí ó fi hàn pé tálákà kan tí ebi ń pa ni ó ń kó o. Bí ẹ bá kà á dé ibẹ̀, ẹ dákẹ́. Ẹ má ṣe sọ ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ yóò jà lórí rẹ̀ láàárín ara wọn, bóyá Ọlọ́run jẹ búrẹ́dì náà tàbí kò jẹ ẹ́, ìjà náà sì níye lórí ju gbogbo ìwàásù yín lọ.

Ní ti àwọn àjọ tí ń dé lọ́dọọdún, Rosh Hashanah ni ìbẹ̀rẹ̀ ọdún wọn, ó ń bọ́ sí oṣù Kẹsàn-án tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá. Búrẹ́dì rẹ̀ rí róbótó, a ń ti ápù bọ inú oyin, a sì ń yan àkàrà oyin. Ẹ ṣọ́ra gidigidi níbí: ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ tọ́ oyin wò rárá, nítorí kòkòrò àrùn kan lè wà nínú rẹ̀ tí ikùn ọmọ ọwọ́ kò lágbára láti bá jà. Ọjọ́ Ètùtù kò ní àkàrà. Ààwẹ̀ nǹkan bí wákàtí 25 ni àgbàlagbà ń gbà, ọmọ wẹ́wẹ́ kì í gbà á, ìwé Jónà tí wọ́n ń kà ní sínágọ́gù ní ọ̀sán ọjọ́ náà sì tó ìtàn fún ẹnikẹ́ni. Ní Àjọ Àgọ́, ohunkóhun tí ẹ bá yàn ni kí ẹ yan, ṣùgbọ́n inú àgọ́ ni kí ẹ ti jẹ ẹ́, lábẹ́ ewé, kí àwọn ọmọ lè gbé ojú sókè.

Hánúkà ń dé ní ìgbà òtútù, ọjọ́ mẹ́jọ, láti ọjọ́ 25 oṣù Kísílefì, ní ìrántí bí àwọn Mákábì ti gba Tẹ́ḿpìlì padà tí wọ́n sì tún un yà sí mímọ́, àti òróró ọjọ́ kan tí ó jó fún ọjọ́ mẹ́jọ. Nítorí òróró náà ni a fi ń dín pòtétò rírin, tí a sì ń dín dónọ́ọ̀tì tí wọ́n ń fi jáàmù sí nínú, èyí tí ẹnikẹ́ni tí ó ti dín pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù rí yóò mọ̀ bí ọmọ ìyá rẹ̀. Igi gańgánran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: kí òróró tó gbóná ni kí àwọn ọmọ ti jìnnà sí ààrò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi aṣọ fún omi kúrò nínú pòtétò, ẹ má ṣe fún wọn ní ìrin. Ìwé Hershel and the Hanukkah Goblins, tí Eric Kimmel kọ tí Trina Schart Hyman sì ya àwòrán rẹ̀ ní ọdún 1989, jẹ́ iṣẹ́ ọlọ́lá, ṣùgbọ́n iwin inú rẹ̀ ń dẹ́rù ba ọmọ ọdún mẹ́ta; ẹ fi pamọ́ fún àwọn ẹ̀gbọ́n wọn. Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé Hánúkà kì í ṣe àgbà nínú àwọn àjọ Júù, kò tilẹ̀ sí orúkọ rẹ̀ nínú Ìwé Òfin Mósè. Nítorí pé ó súnmọ́ Kérésìmesì ni ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ fi ń ṣe é ṣáá, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí èyí tí ó kù kọjá lọ láìkí i. Èyí kò dára.

Púrímù ni àjọ ayọ̀, ìtàn Ẹ́sítérì ayaba àti Mọ́dékáì tí wọ́n gba àwọn ènìyàn wọn lọ́wọ́ Hámánì. Àkàrà rẹ̀ ni èyí tí ó ní igun mẹ́ta, tí wọ́n ń pè ní etí Hámánì ní Ísírẹ́lì: a ó tẹ́ ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ, a ó fi ife gé e róbótó, a ó bu jáàmù díẹ̀ sí àárín rẹ̀, a ó sì fún igun mẹ́ta rẹ̀ pọ̀ dáadáa kí ó má bàa là nínú ààrò. Àwọn ìdílé kan tilẹ̀ ní Púrímù tiwọn: ní ilẹ̀ Bòhímíà ní ọdún 1731, a fi ẹ̀sùn kan ọ̀gbẹ́ni David Brandeis pé jáàmù tí ó tà ní májèlé nínú, nígbà tí a sì dá a láre tí a tú u sílẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ sọ ọjọ́ náà di Púrímù Jáàmù. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú àjọ yìí ni fífúnni. Òfin ọjọ́ náà ni pé kí ènìyàn fi ó kéré tán oúnjẹ oríṣi méjì ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ó sì ta tálákà méjì lọ́rẹ. Nítorí náà ẹ yan ju èyí tí àwọn ọmọ lè jẹ lọ, ẹ fi sínú àpótí pépà tí wọ́n ti ya àwòrán sí, kí ẹ sì mú ọmọ lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà ẹni tí a ń gbé e fún. Ní ti Hámánì, ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo lé orúkọ rẹ̀ lórí tó bí wọ́n ti fẹ́, ẹ má sì purọ́ fún wọn pé kò ṣe ibi. Ṣùgbọ́n ìyà tí ó kẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń rò kúnnákúnná fún ọmọ ọdún mẹ́ta tí yóò sùn lálẹ́.

Mo dé orí Àjọ Ìrékọjá, ibẹ̀ ni ọgbọ́n àwọn àgbà wọn ti pọ̀ jù. Ilé tí a ti ń fi òórùn búrẹ́dì kí ọjọ́ ìsinmi láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ṣàdédé di ilé tí a kò gbọdọ̀ rí èérún búrẹ́dì nínú rẹ̀, fún ọjọ́ méje ní Ísírẹ́lì, ọjọ́ mẹ́jọ ní ọ̀pọ̀ ilé tí ó wà lẹ́yìn odi. Ohun tí kò sí yìí gan-an ni í ta ọmọ jí. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú, àgbà a fi ègé búrẹ́dì 10 pamọ́ káàkiri ilé, àwọn ọmọ a sì fi àbẹ́là àti ìyẹ́ ẹyẹ wá a rí, wọn a sun ún ní òwúrọ̀. Kí èyí tó dé, bí ilé ẹ̀kọ́ bá gbà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yan àkàrà àìwú tiwọn: ìyẹ̀fun àti omi nìkan, láti ìgbà tí omi bá ti kan ìyẹ̀fun títí a ó fi yan án tán kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 18 lọ. Ẹ gbé aago síwájú wọn. Ọmọ tí ó bá ti sáré bá aago bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá wá sọ fún un pé àwọn ènìyàn kan jáde kúrò ní oko ẹrú tí ìyẹ̀fun wọn kò sì ráyè wú, kò ní í béèrè ìtumọ̀ ìkánjú lọ́wọ́ yín. Ẹ ṣá má gbàgbé pé èyí tí àwọn ọmọ yan fún ẹ̀kọ́ kì í ṣe èyí tí a ó gbé sórí tábìlì àjọ, àfi bí ẹni tí ó mọ òfin bá dúró tì í. Nínú àjọ náà fúnra rẹ̀, álímọ́ńdì lílọ̀, àgbọn, ẹyin àti ṣúgà ni a fi ń yan àkàrà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí bóyá ara ọmọ kọ èso bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ilé náà ń jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà ní ọjọ́ wọ̀nyí, nítorí àwọn Júù Áṣíkẹ́násì, tí ìran wọn wá láti àárín àti ìlà oòrùn Yúróòpù, kì í sábà jẹ wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn Séfádì, tí ìran wọn wá láti Sípéènì, ń jẹ wọ́n.

Ìwé àjọ yìí ni Hàgádà, tí a ń kà lórí tábìlì oúnjẹ, ọmọ tí ó kéré jù sì ni í béèrè ìbéèrè mẹ́rin níbẹ̀. Tálímúdì, ìwé àwọn rábì àtijọ́, sọ pé Rábì Akiva a máa pín ọkà sísun àti èso oníkarawun fún àwọn ọmọdé ní alẹ́ Ìrékọjá, kí wọ́n má bàa sùn, kí wọ́n sì lè béèrè. Ẹ rí i pé ọ̀mọ̀wé tí ó ga jù nígbà tirẹ̀ kò ka oúnjẹ ọmọdé sí ohun tí ó kéré jù fún ọwọ́ òun. Hàgádà náà sọ ti ọmọ mẹ́rin, ìkẹrin wọn sì ni ẹni tí kò mọ bí a ti ń béèrè. Nítorí tirẹ̀ ni a ṣe pàṣẹ pé kí òbí fúnra rẹ̀ ṣí ọ̀nà fún un. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ má ṣe kà á sí òmùgọ̀, ẹ má sì fi ìbéèrè lé e ní eré. Ẹ fún un ní ìyẹ̀fun, ẹ jókòó tì í, kí ẹ̀yin fúnra yín béèrè lọ́wọ́ ara yín sókè kí ó gbọ́. Fún àwọn kékeré, The Little Red Hen and the Passover Matzah tí Leslie Kimmelman kọ ní ọdún 2010 dùn púpọ̀, nítorí adìyẹ inú rẹ̀ ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà láti oko dé orí tábìlì.

Ní ti yíyan ìwé, ẹ kà á tán fún ara yín kí ẹ tó kà á fún ọmọ. Ẹ wá èyí tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń gbé ayé, tí wọ́n ń ṣubú tí wọ́n sì ń dìde, ẹ yẹra fún èyí tí ó kàn ń ka orúkọ àjọ lásán. Sydney Taylor ni ó la ọ̀nà yìí fún púpọ̀ ní Amẹ́ríkà: ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó ń sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ ní ìhà ìlà oòrùn ìsàlẹ̀ New York fún lálaalẹ́, ọkọ rẹ̀ sì fi ìtàn náà tí ó ti kọ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí ìdíje, títí tí All-of-a-Kind Family fi jáde ní ọdún 1951, tí àwọn ọmọ Júù rí ọjọ́ ìsinmi àti Púrímù ilé tiwọn nínú ìwé tí gbogbo ayé ń kà. Ní ọdún 1975, obìnrin méjì, Judye Groner àti Madeline Wikler, dá ilé ìtẹ̀wé Kar-Ben sílẹ̀ ní Maryland nítorí pé wọn kò rí Hàgádà tí ó bá ọmọdé mu. Láti ọdún 2005 sì ni PJ Library, tí Harold Grinspoon dá sílẹ̀ ní Massachusetts, ti ń fi ìwé ránṣẹ́ lófẹ̀ẹ́ sí ilé àwọn ọmọ Júù lóṣooṣù, ó sì ti dé Britain pẹ̀lú. Ẹ sọ fún àwọn òbí kí wọ́n forúkọ sílẹ̀. Bí ìyẹ̀fun bá ta sí ojú ewé ìwé, ẹ má ṣe bínú; ìwé tí kò ní àbàwọ́n nínú ilé ọmọ wẹ́wẹ́, a kò tíì kà á dáadáa.

Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ rán yín. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí ẹ ń ṣiṣẹ́, ìyá àgbà kan wà tí ń yan àkàrà oyin láìwọn ohunkóhun, tí ọwọ́ rẹ̀ ni òṣùwọ̀n rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Kí Rosh Hashanah tí ń bọ̀ tó dé, ẹ mú ọmọ náà lọ bá a, kí ẹ mú abọ́ ìwọ̀n lọ́wọ́ kí ẹ lè wọn ohun tí ó bá bù kí ó tó dà á sílẹ̀, kí ọmọ máa béèrè, kí ìyá àgbà máa dáhùn, kí ẹ̀yin máa kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ẹnu sọ gan-an. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ya àwòrán sí i, ẹ fi okùn rán ewé rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí iwájú rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi í di ọdún tí ń bọ̀ lẹ́yìn èyí.